Títí Fèrè Á Fi Dún

Bí mo bá ti ìka méjì bọ ẹnu tí mo súfèé, ajá tó wà ní oko kejì á gbọ́. Bàbá mi ló kọ́ mi ní Edisto, ìlú wa, nítorí ajá ọdẹ wa kan tó ya olóríkunkun. Inú bí ìyá mi, ó ní irú ọmọbìnrin wo ló ń súfèé bí awakọ̀ akẹ́rù. Mo kàn ń súfèé mi lọ.

Nígbà tí ọkọ mi, Thurman Gadsden, ń gbá bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sáré fún tíìmù Toledo, ìfé yẹn ni mo fi ń jẹ́ kó mọ ibi tí mo jókòó sí. Pápá á kún fọ́fọ́, ariwo á fẹ́rẹ̀ẹ́ ya èèyàn létí. Màá súfèé. Thurman á gbé akoto rẹ̀ sókè, á sì wo ọ̀dọ̀ mi gan-an, kò ṣì í rí. Àwọn ìyàwó agbábọ́ọ̀lù yòókù máa ń jowú mi nítorí rẹ̀, mo sì máa ń jẹ́ kí wọ́n jowú dáadáa.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí ló dé tí kò sí àwòrán kankan tí ọkọ mi ti ń sáré pẹ̀lú bọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Àwọn márùn-ún kan wà tí wọ́n máa ń dúró sí iwájú pátápátá, wọn kì í sáré gbé bọ́ọ̀lù, wọn kì í hán an. Ara ni wọ́n fi ń dí ọ̀nà, kí àwọn fìrìgbọ̀n tó wà ní òdìkejì má bàa pa ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù. Thurman ló wà láàárín wọn. Yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò di bọ́ọ̀lù mú nílẹ̀, yóò ti àárín ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nà án sí ẹni tó wà lẹ́yìn. Kó tó gbé orí, ẹnì kan tó tóbi bíi màlúù ti kàn án lórí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé òpin, lọ́dọọdún, títí irun rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Ohun kan sì wà tí kóòṣì tẹ̀ mọ́ wọn létí láti kékeré: máa tì í lọ títí fèrè á fi dún. Ẹni tó bá dáwọ́ dúró kí rẹfirí tó fọn fèrè, ọ̀lẹ ni, wọn ò ní lò ó mọ́.

Purvis Tate ló máa ń dúró ní òsì rẹ̀. Bí ariwo bá pọ̀ débi pé wọn ò gbọ́ ohùn ẹni tó wà lẹ́yìn, Purvis ló ń bojú wẹ̀yìn. Bí ẹni yẹn bá ti gbé ẹsẹ̀, Purvis á fi ọwọ́ gbá Thurman nítan, Thurman á mí lẹ́ẹ̀kan, á na bọ́ọ̀lù sẹ́yìn, á sì kọ lu ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Wọ́n ṣe é títí débi tí Purvis fi ń sọ fún mi pé, "Odessa, itan ọkọ ẹ mọ ọwọ́ mi ju bí ìyàwó mi ṣe mọ̀ ọ́n lọ." Mo ní kó lọ sọ ọ́ níwájú ìyàwó rẹ̀ bó bá láyà.

Nígbà tí eékún rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, Thurman fi pápá sílẹ̀, àwọn agbábọ́ọ̀lù sì fi í ṣe olórí yúníọ̀nù wọn. Ó bá a mu. Olóríkunkun ni bíi ajá bàbá mi. Àwọn olówó tó ni tíìmù á kó lọ́yà wá, Thurman á jókòó tì wọ́n láìsọ̀rọ̀ títí ara á fi máa ta wọ́n. Ó gba ọ̀pọ̀ nǹkan lọ́wọ́ wọn. Ohun tó kù tó ń lé bíi pé ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dókítà: kí ẹni tó máa yẹ agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n bá gbá lórí wò má ṣe jẹ́ ẹni tí olówó tíìmù ń sanwó fún. Àwọn olówó ní láéláé. Àwọn agbábọ́ọ̀lù bá da iṣẹ́ sílẹ̀ lásìkò ìkórè, gbogbo pápá ìṣeré sì dá páropáro.

Àsìkò yẹn ni ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí.

Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pápá tí tíìmù Toledo ti ń gbára dì ló pè mí lórí fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mísísì Gadsden, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ máa bọ̀ wá mú ọ̀gá."

Mo bá Thurman níwájú géètì tí wọ́n tì pa. Ó jókòó sórí kọnkéré, ó gbé bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀ kọ́rùn. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé bàtà yẹn ṣì wà nílé.

"Thurman, kí lo wá ṣe níbí?"

"Wọn ò tíì ṣílẹ̀kùn," ó ní. "Kóòṣì ní kí n tètè dé. Ṣé o rí Purvis bọ̀?"

Kóòṣì ti kú. A jọ lọ sin ín ni, Thurman wà lára àwọn tó gbé pósí. Mo dúró níbẹ̀, mo ń wo ojú ọkọ mi bíi pé ẹlòmíì ló wọ̀ ọ́ bí ẹ̀wù. Kò pẹ́, ojú yẹn padà bọ̀ sípò. Ó wo bàtà tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó wo géètì, ó sì fi ọwọ́ bo ojú.

Inú mọ́tò ló ti sọ fún mi pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

"Dessa, o ò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Màá sọ fún dókítà."

"Dókítà wo? Bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé etí àwọn olówó, wọ́n á ní wèrè ló ń darí yúníọ̀nù. Àwọn ọmọ yẹn á tú ká, wọ́n á padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́wọ́ òfo. Jẹ́ kí n gba ọ̀rọ̀ dókítà yìí fún wọn ná. Lẹ́yìn náà, ibi tó bá wù ẹ́ ni kó o mú mi lọ. Ṣèlérí fún mi."

Mo ṣèlérí. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọwọ́ mi, ọwọ́ tó tóbi bí àwo oúnjẹ. Láti ọjọ́ yẹn, bí fóònù bá ti dún, màá sáré lọ gbé e. Bó bá pẹ́ ní balùwẹ̀, màá lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, màá máa fetí sílẹ̀ bóyá ó ń kọrin. Bó bá ń kọrin, ara mi á balẹ̀ díẹ̀.

Purvis nìkan ló mọ̀, nítorí òun ni igbákejì rẹ̀ ní yúníọ̀nù. Ó wá sílé wa kí wọ́n tó lọ sí ìpàdé ńlá ní Chicago, níbi tí àwọn agbábọ́ọ̀lù fẹ́ ti dìbò bóyá wọ́n á padà sẹ́nu iṣẹ́ tàbí wọn ò ní padà. Mo gbé ìrẹsì pupa àti ọbẹ̀ ilá ka iwájú wọn. Thurman ò jẹun, ó ń fi ṣíbí yí i káàkiri.

"Bí ọ̀rọ̀ bá lọ mọ́ mi lẹ́nu níwájú wọn ńkọ́?" ó béèrè.

Purvis rẹ́rìn-ín. "Ṣebí èmi ni màá jókòó lósì ẹ? Ìgbà tó ò gbọ́ nǹkan kan nínú ariwo, ta ló ń jẹ́ kó o mọ ìgbà tó yẹ kó o lọ? Bí mo bá ti rí i pé o dákẹ́, màá gbá ẹ nítan bíi ti àtijọ́. Á ta ẹ́ jí, wàá máa bá ọ̀rọ̀ ẹ lọ."

Ojú Thurman tàn. Ó jẹ ìrẹsì yẹn tán, ó tún bu òmíràn. Inú tèmi ò dùn sí ètò náà, ṣùgbọ́n mi ò rí ohun tí màá tọ́ka sí pé òun ló burú níbẹ̀. Mo kó àwo, mo lọ ń fọ̀ ọ́.

Ní Chicago, ẹnì kan dúró sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì náà, ó ní àwọn ìyàwó kì í wọlé. Mo wò ó látòkè délẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn. Mo jókòó sí ìlà iwájú, lápá ọ̀tún, níbi tí mo ti lè rí ojú ọkọ mi. Thurman àti Purvis wà lẹ́yìn tábìlì gígùn kan tí wọ́n to omi àti ife sí. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan wà lórí tábìlì, òmíràn wà nílẹ̀ níwájú tábìlì fún ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ láàárín àwọn tó jókòó.

Rodell Pickens ló kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Ọmọ kékeré, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá bí ìjì, gbogbo orílẹ̀-èdè ló mọ̀ ọ́n. Ó nífẹ̀ẹ́ Thurman, ṣùgbọ́n jíjókòó sílé ti sú u.

"Ẹ̀gbọ́n Thurman, ẹ ṣeun, a dúpẹ́ lọ́wọ́ yín," ó ní. "Ṣùgbọ́n àwọn olówó yìí ti gba gbogbo ohun tá a béèrè, ó ku ọ̀rọ̀ dókítà nìkan. Ṣé torí dókítà la ó ṣe máa wo tẹlifíṣọ̀n nílé bí arúgbó? Wọ́n gbá èmi náà lórí lọ́dún tó kọjá. Ojú mi ṣú díẹ̀, mo mumi, mo padà sórí pápá. Kí ló wá ṣe mí? Ẹ wò mí dáadáa, ṣé mo jọ dìndìnrìn?"

"O jọ ọ́!" ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn.

"Bàbá ẹ ló jọ ọ́!" Rodell dá a lóhùn, gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Mo rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń mi orí sí ohun tó sọ. Bí wọ́n bá dìbò lásìkò yẹn, ó ti parí nìyẹn.

Thurman dìde. Mo di apá àga mi mú. Ṣùgbọ́n nígbà tó la ẹnu, ohùn rẹ̀ tí mo mọ̀ ló jáde, ohùn ńlá yẹn tí kò nílò ẹ̀rọ.

"Rodell, àbúrò mi, dúró síbẹ̀, má lọ. Wọ́n ti gbá ẹ lórí. O dìde, ò ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, o ò mọ ìlú tó o wà. Dókítà tíìmù sáré dé. Ó ní, ìka mélòó lèyí?"

Ó na ìkúùkù sókè. Kò na ìka kankan.

"MÉJÌ!" ni gbogbo gbọ̀ngàn pariwo. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbá ara wọn lẹ́yìn. Kò sí agbábọ́ọ̀lù tí kò mọ̀ pé méjì ni dókítà tíìmù máa ń nà, ẹni tó fọ́jú gan-an á gbà á.

"Mi ò gbọ́!" Thurman ní. "Ìka mélòó?"

"MÉJÌ! MÉJÌ!" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Ife ń mì lórí tábìlì. Mo rí i pé ọkọ mi ti gbà wọ́n lọ́wọ́ Rodell, inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ẹ̀rù fún ìṣẹ́jú kan.

"Ó dáa," Thurman ní, "ta ló wá ń sanwó fún dókítà yẹn? Ta ló ń... Ta ló..."

Ó dákẹ́. Àwọn èèyàn rò pé ariwo ló ń dúró dè, wọ́n bá túbọ̀ ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Èmi ń wo ojú rẹ̀. Ojú ẹnu géètì yẹn ni. Purvis náà rí i. Ó na ọwọ́ lábẹ́ tábìlì, ó gbá a nítan.

Ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ kan itan yẹn ni mo mọ ohun tí kò dáa nínú ètò wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Thurman mí lẹ́ẹ̀kan. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kan ilẹ̀, ó na ọwọ́ òfìfo gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì jáde. Tábìlì yí dànù, ife fọ́ káàkiri, omi ta sí mi lára. Rodell ló wà níwájú rẹ̀. Thurman ti ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́ lábẹ́ àyà, ó gbé e kúrò nílẹ̀, ó ń tì í lọ. Kò lù ú, kò sọ̀rọ̀. Ó kàn ń tì í, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rìn kíkankíkan, títí ẹ̀yìn Rodell fi kan ògiri. Níbẹ̀ náà, kò dáwọ́ dúró.

Ariwo ẹ̀rín dáwọ́ dúró lójijì. Àwọn géńdé bí mẹ́rin dì mọ́ ọn lẹ́yìn, ó ń fà wọ́n bí ẹni pé ọmọ ọwọ́ ni wọ́n. "Thurman! Ó tó! Thurman, èmi ni, Purvis ni!" Purvis ń sunkún. Orúkọ rẹ̀ kò wọ̀ ọ́ létí. Rodell la ẹnu sílẹ̀, kò rí afẹ́fẹ́ fà, ó ń ranjú mọ́ mi. Mo rò ó lọ́kàn mi pé ọkọ mi máa pa ọmọ ọlọ́mọ níṣojú mi, kò sì ní mọ̀.

Fèrè ló ń dúró dè. Kò sì sí rẹfirí níbẹ̀.

Mo ti ìka bọ ẹnu. Afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Ẹ̀rù ti gbẹ mí lẹ́nu, ètè mi le bí awọ. Mo tún gbìyànjú, kò dún. Mo bá fa omi tó ta sí apá aṣọ mi mu, mo fi ahọ́n ra ètè, mo pe orúkọ Jésù, mo sì súfèé pẹ̀lú gbogbo agbára tó kù nínú mi.

Thurman dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí wọ́n ṣe ń ṣe kí rẹfirí lè rí i pé wọn ò di èèyàn mú. Rodell yọ̀ wálẹ̀ lára ògiri. Thurman na ọwọ́ sí i, ó fà á dìde, ó gbá a léjìká. "O ṣeun, ọmọ dáadáa," ó ní. Ó yíjú sí Purvis, ó béèrè pé, "Ṣé a rí i gbà?" Lẹ́yìn náà ó gbé orí sókè, ó wo ọ̀dọ̀ mi gan-an, ó sì rẹ́rìn-ín sí mi bíi ti Toledo.

Àwọn tó dì mọ́ ọn lẹ́yìn rọra tú ọwọ́ wọn.

Rodell di àyà mú. Nígbà tó rí èémí fà, èmi ló yíjú sí. "Mà," ó ní, ohùn rẹ̀ ti há. "Ṣé ó ti pẹ́ tó ti ń rí báyìí?"

Ìlérí mi wà lọ́rùn mi. Mo wo ọkọ mi, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Mo gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ti ṣubú sínú omi, bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́, bóyá kò ṣiṣẹ́ mọ́, gbogbo wọn ṣáà gbọ́ mi.

"Ó ti pẹ́," mo ní. "Ó ní kí n má sọ fún yín. Ó lọ ń dúró de kóòṣì tó ti kú. Ó máa ń gbàgbé ọ̀nà ilé wa. Rodell, o béèrè pé kí ló ṣe ẹ́. Bí ti Thurman náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ojú rẹ̀ ṣú díẹ̀, ó mumi, ó padà sórí pápá. Dókítà na ìka méjì sí i, ó ní ọkùnrin ni ẹ́, máa lọ. Mi ò mọ ohun tó máa ṣe ẹ̀yin. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, ẹ̀rù tiyín náà sì ń bà mí."

Mo jókòó.

Rodell gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ mi. "Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ," ó ní. "Ẹni tó bá fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ láìsí dókítà tiwa, kó nawọ́, kí n rí i."

Kò sẹ́ni tó nawọ́. Ó ní kí àwọn tó fẹ́ jókòó sílé nawọ́, ọwọ́ sì kún gbogbo gbọ̀ngàn. Thurman bi Purvis pé kí ni wọ́n ń dìbò lé lórí. Purvis sọ fún un ní etí. Ọkọ mi ronú díẹ̀, ó sì na tirẹ̀ náà.

Nígbà tí ara rẹ̀ padà sípò, a ti wà nínú yàrá wa. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ wà lójú fèrèsé. Ó ń wo apá kóòtù rẹ̀ tó ti ya.

"Ta ló ya aṣọ mi?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mi ò fi ọ̀kan pamọ́.

"O ṣèlérí fún mi, Dessa."

"Mo ṣèlérí fún ẹ. Mo sì sọ fún wọn. Bí o bá fẹ́ bínú, bínú."

Ó bínú. Ó kọjú sí ògiri. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé mo ṣe ọmọ yẹn léṣe?"

"Àyà ń dùn ún. Ó ní kí n kí ẹ."

"Ṣé a rí i gbà?"

"Ẹ máa rí i gbà," mo ní. Òótọ́ ni. Kí òjò dídì tó bẹ̀rẹ̀, àwọn olówó gbà, Purvis ló sì bu ọwọ́ lùwé ní ipò rẹ̀. Thurman bi mí ní ọ̀rọ̀ kan náà lálẹ́ yẹn, ó tún bi mí láàárọ̀, mo sì ń dá a lóhùn bíi pé n kò gbọ́ ọ rí.

A ti padà sí Edisto báyìí. Bó bá ti fẹ́ rìn lọ sójú ọ̀nà, màá súfèé, á dúró, á wò mí, á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù mi máa ń rọ̀ nígbà tí mo bá rí ẹ̀rín yẹn. Mo máa ń rò pé, níwọ̀n bó bá ṣì mọ ìfé mi, ó ṣì kù díẹ̀ nínú rẹ̀ tó jẹ́ tèmi.

Lánàá, mò ń yọ búrẹ́dì àgbàdo kúrò nínú ààrò nígbà tí mo rí i lójú fèrèsé. Ó ti kọjá igi píkánì, ó ń lọ tààrà síbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà. Mo súfèé. Kò dúró. Mo sáré jáde pẹ̀lú aṣọ ìdáná lọ́wọ́, mo tún súfèé, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ já ìka mi jẹ. Ó dúró ní bèbè títì. Ó wo òkè, ó wo inú igbó, ó wo ọ̀nà tó ti wá.

Mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo di apá rẹ̀ mú. Ó bọ̀wọ̀ fún mi, ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ṣé ẹ gbọ́ ìfé yẹn? Ta ló ń súfèé?"

"Èmi ni," mo ní. "Wá sílé, oúnjẹ ti délẹ̀."